Ọjọ́ tí Bọ́sẹ̀dé Dákú

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Òkè-Ìmẹ̀sí, mo ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tó wà lẹ́yìnkùlé wa bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé àwọn ọmọ kan fẹ́ "pass out". Mo mọ̀ pé wọ́n kàn ń sọ pé àwọn ọmọ náà parí ìwé ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn kò tíì bá mi rẹ́ láti ìgbà tí mo ti wà ní kíláàsì kẹrin.

Nígbà náà, èèwọ̀ ni Yorùbá nínú ọgbà ilé-ìwé wa. Fánákúlà ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń dárúkọ àrùn. Bí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan bá jábọ́ lẹ́nu rẹ, wọ́n á gbé pátákó kan kọ́ ọ lọ́rùn, okùn rẹ̀ á sì máa ha ọ́ lára títí wọ́n á fi rí ẹlòmíràn mú. Ọ̀pọ̀ wa ló yàn láti ya odi. Bí èèrà bá bu ọmọ jẹ, yóò kọ́kọ́ wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kó tó sunkún.

Ọ̀rẹ́ mi Bọ́sẹ̀dé ní tirẹ̀ máa ń fi ojú àti èjìká sọ̀rọ̀, èmi á sì fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Abúlé oko kan lẹ́yìn òkè ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń fẹsẹ̀ rìn wá láràárọ̀. Kò sí ẹni tó mọ ìṣirò tó o nínú kíláàsì wa.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni tíṣà wa, ọmọbìnrin onísùúrù kan, kọ́ wa pé "pass out" ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Ẹni tó ń pín ìwé fún kíláàsì ń ṣe é. Ẹni tó parí ilé-ìwé ń ṣe é. Ẹni tó dákú náà ń ṣe é. Bọ́sẹ̀dé fi èjìká bi mí pé kí ló dé tí òyìnbó láhun ọ̀rọ̀ tó báyìí.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, a ń gé koríko pápá nínú oòrùn ọ̀sán. Tíṣà wa ti lọ sí ìlú. Àdá bọ́ lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀dé, òun náà sì ṣubú lulẹ̀, ojú rẹ̀ yí sókè. Mo pè é, kò dáhùn. Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì hẹdimásítà, mo ń ṣa Gẹ̀ẹ́sì jọ bí mo ṣe ń sáré.

"Sà, Bọ́sẹ̀dé has passed out."

Ó gbójú sókè, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó pe tíṣà kan láti yàrá kejì pé kó wá gbọ́: ọmọ kíláàsì kẹrin ti parí ilé-ìwé. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo tún un sọ. Ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n ronú ohun tí mo fẹ́ sọ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lórí mi. "Ó dákú, sà."

Ọmọ Èkìtì ni ọkùnrin yìí o. Lọ́jọ́ Ìsinmi, èdè ìlú ló fi ń kí àwọn bàbá wa lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbọ́ mi. Síbẹ̀, pátákó ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lọ bá. Ó gbé e kọ́ mi lọ́rùn, ó ní kí n sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

N kò sọ ọ́. Mo dìde, mo sá jáde lọ sójú títì, pátákó ń gbá mi láyà, mo sì figbe ta ní èdè ìyá mi. Àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ sọ igi ìdáná kalẹ̀. Wọ́n gbé Bọ́sẹ̀dé sábẹ́ igi mọ́ńgòrò, wọ́n bu omi sí i lójú, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ sí i létí. Ó pẹ́ kó tó mí kanlẹ̀, kó sì lajú. Ìgbà yẹn ni hẹdimásítà tó dé, ó ń tún táì rẹ̀ ṣe. Ó béèrè pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n nà mí níwájú gbogbo ilé-ìwé, nítorí mo kúrò ní ọ́fíìsì láìgbàyè. Ibi tí wọ́n ti ń nà mí ni ìyá Bọ́sẹ̀dé bá wa. Kò pariwo. Ó sọ fún hẹdimásítà pé, "Ulé-ìwé tí ọmọ mi á ti kú kí ẹ tó wá gírámà rẹ̀ rí, n kò fẹ́ ẹ mọ́. Ulé lọmọ mi á wà." Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì gba ọ̀nà òkè lọ. Hẹdimásítà kò pè wọ́n padà.

Ara-Èkìtì ni Bọ́sẹ̀dé lọ́kọ sí, epo pupa ló ń tà níbẹ̀. Oṣù tó kọjá tí mo lọ kí i, ó ní kí n bá òun ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun. Ẹni tó mọ ìṣirò ju gbogbo wa lọ. Mo kà á fún un. Òun ń rẹ́rìn-ín, èmi ni inú ń bí.

Wọ́n ní ayé ti yí padà. Lóòótọ́, ilé-ìwé wa ti ní fèrèsé onígíláàsì, n kò sì rí pátákó lọ́rùn ọmọ kankan mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi gbé sọ pé ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì àwọn, ìdúró ni yóò dúró títí wọ́n á fi jáde. Bàbá rẹ̀ ní kò burú, kó lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Èmi tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì, èmi náà fẹ́ kó gbọ́ ọ. Síbẹ̀ mo mú un jókòó, mo ní bí nǹkan bá ṣe é, tàbí tí ẹnikejì rẹ̀ bá ṣubú, ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀ ni kó fi ké.

Ó ní, "Màmá, bí wọ́n bá wá nà mí ńkọ́?"

Mo ní kó wá pè mí. Ilé-ìwé wọn kò jìnnà, ẹsẹ̀ mi sì ṣì le.