Àṣà Ilé Wa Lórí Omi

Nínú ilé wa, ọmọ kì í gba orúkọ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, a ó gbé e láti Ajégúnlẹ̀ lọ sí etí omi, a ó sọdá sí Snake Island, a ó sọ ọ́ lórúkọ níbẹ̀, a ó sì padà wálé wá jẹun. Ará Ìsẹ́yìn ni wá, Mùsùlùmí sì ni wá. Bàbá mi sọ fún wa pé àṣà ilé wa ni, èmi náà sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ mi. Mi ò bi ara mi rí pé omi wo ni àwọn baba ńlá wa ń sọdá ní Ìsẹ́yìn.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù omi máa ń bà mí. Lọ́jọ́ tí a gbé àkọ́bí mi sọdá, ọkọ̀ òkun ńlá kan ń jáde ní èbúté Tin Can, ìgbì rẹ̀ gbé ọkọ̀ wa sókè, ó sì jù ú sílẹ̀. Mo fún ọmọ náà mọ́ àyà títí ó fi sunkún. Nígbà tí a délé, àwọn èèyàn ń kí mi kú ewu ọmọ, èmi ń wá ibi tí n ó ti bì. Síbẹ̀, mo gbé àbúrò rẹ̀ obìnrin náà sọdá nígbà tí mo bí i. Ta ni n ó sọ fún pé àyà mi ń já?

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ìyàwó àkọ́bí mi yìí bímọ nígbà tí oyún rẹ̀ kò ju oṣù mẹ́jọ lọ. Ọmọ náà kéré. Dọ́kítà kìlọ̀ kí a má jẹ́ kí òtútù mú un. Nígbà tí mo wá sọ bí a ó ṣe lọ sí etí omi, ìyàwó mi kúnlẹ̀.

“Mà, ẹ má bínú. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ní kí n ṣe ni mo máa ṣe, but mi ò lè gbé ọmọ yìí sórí omi.”

Inú bí mi burúkú. Mo ní bí wọn kò bá ní í gbé e sọdá, kí wọ́n má retí mi níbi ìsọmọlórúkọ. Kí n tó délé, ọmọ mi ti pè mí lórí fóònù pé ìyàwó òun ń di ẹrù, pé ó fẹ́ gbé ọmọ lọ bá ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Agídí ò jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀. Ọmọ ọmọ mi àkọ́kọ́ ni, mo sì ti fẹ́ fọwọ́ ara mi lé e lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba Àpápá kọjá lọ sí Marine Beach, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin. Òun nìkan ló kù nínú àwọn tó bá bàbá mi wá láti Ìsẹ́yìn. Kì í ṣe ìbéèrè ni mo gbé lọ o. Mo fẹ́ kí ó bá mi bá wọn wí ni. Ó gbọ́ mi délẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi fi etí ìró nu ojú.

“Ta ló sọ fún ẹ pé láti Ìsẹ́yìn ni? Ẹsẹ̀ ló ń dun áàfáà.”

Ó ṣàlàyé fún mi. Nígbà tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi àgbà, Snake Island ni áàfáà tí bàbá mi fọkàn tán ń gbé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú, kò lè wọ ọkọ̀. Bàbá mi ní ẹlòmíràn ò ní í sọ ọmọ òun lórúkọ, ló bá gbé ọmọ lọ bá a. Ẹsẹ̀ náà kò tíì san nígbà tí wọ́n bí ìkejì. Nígbà tí wọ́n fi máa bí èmi tí mo ṣìkẹta, áàfáà ti kú, ṣùgbọ́n bàbá mi ní ọmọ ilé òun gbọ́dọ̀ sọdá.

Àṣà tí mo ń pè ní ti baba ńlá wa, ọmọ méjì péré ló fi jù mí lọ. Ó yẹ kí n bínú, àmọ́ ńṣe ni ara mi fúyẹ́. Mo jókòó sórí àpótí níbẹ̀, mo mí kanlẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé omi yẹn ti kúrò lọ́rùn mi.

Ilé ọmọ mi ni mo gbà lọ tààrà. Ẹrù ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, “Ìyàwó mi, má bínú. Èmi náà ń bẹ̀rù omi.” Òun ló kọ́kọ́ sunkún, èmi náà sì tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, áàfáà wa, tí òun náà ti dàgbà, ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ọmọ mi bọ̀ wá sókè nígbà tí èémí rẹ̀ kò tó mọ́. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn láàárín méjì. Ìyàwó mi kò dúró kó sinmi tán, ó gbé ọmọ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Ibẹ̀ ni ó ti pe ìrun sí ọmọ náà létí, tó sì sọ ọ́ lórúkọ. Aládùúgbò kan tó gbé omi kò rí ọ̀nà kọjá, ó dúró, ó ń ṣe àmín pẹ̀lú garawa lórí.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin bímọ. Ìsàlẹ̀ ni yàrá tiẹ̀ wà, géńdé tó lè sáré gun òkè sì ni áàfáà tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ mú wá. Síbẹ̀, ọmọ mi pè mí lórí fóònù.

“Màmi, àtẹ̀gùn ilé bùọ̀dá la máa lò o. Àṣà ilé wa ni.”

Mo la ẹnu kí n ṣàlàyé, mo tún pa á dé. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo múra, mo lọ. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n gbé ọmọ náà lé mi lẹ́sẹ̀, nǹkan kan ò sì mì lábẹ́ mi.