Àwọ̀n Tí Bàbá Fi Dí Ẹnu Àpótí Oyin

Ẹni ọdún méjìlélógójì ni ẹ̀gbọ́n mi Matilda. Ilé bàbá wa ní Ayépé ló ṣì ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kì í ṣe pé kò rọ́kọ fẹ́ o. Bàbá ni kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Láti ìgbà tí màmá wa ti kú ni ẹ̀rù àtidá nìkan gbé ti ń bà á, èmi tí mo sì yára bá ọkọ lọ sí Ìbàdàn ni mo dì kún ẹrù Matilda.

Ìwádìí ìdílé ni Bàbá fi ń ti ilẹ̀kùn. Ká tó fọmọ fọ́kọ, a máa ń wádìí bóyá ìbátan ni wọ́n, ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n bàbá mi a máa wádìí títí yóò fi rí ohun tó ń wá. Ẹni tó bá ti ìtòsí wá, ìbátan ni. Ẹni tó bá ti òkèèrè wá, a ò mọ̀dí rẹ̀. Ti Aaron ará Ibefun ló dùn mí jù. Ọdún méje sẹ́yìn ló wá, èèyàn jẹ́jẹ́, Matilda sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bàbá ní agboolé kan náà ni ìyá ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá tiwa ti jáde. Ká wú gbòǹgbò jìnnà tó bẹ́ẹ̀, Ìjẹ̀bú wo ló kù tí kì í ṣe ẹbí? Matilda sunkún, ó sì jókòó sílé.

Oyin ni òun àti Bàbá jọ ń sìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni oyin ti kó kúrò nínú àpótí wọn, inú sì bí Bàbá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, kò gbọ́ èyí. Ó ra àwọ̀n irin tí àwọn oyin òṣìṣẹ́ lè gba ihò rẹ̀ kọjá, àmọ́ tí ayaba wọn tóbi jù fún, ó fi dí ẹnu àpótí náà. Bí ayaba kò bá lè lọ, ta ni yóò lọ?

Lóṣù tó kọjá, mo wá kí wọn, mo bá wọn nídìí àpótí. Òkú akọ oyin, tí àwọn náà tóbi jù fún ihò rẹ̀, kún ẹnu àwọ̀n. Matilda fa afárá kan yọ. Akọ nìkan ló ń dàgbà nínú rẹ̀.

"Kí ló ṣe wọ́n?" ni Bàbá bèèrè.

"Ayaba àtijọ́ ti kú, sà," ni Matilda dáhùn, "wọ́n sì ti tọ́ tuntun. Ó yẹ kí tuntun fò jáde lọ pàdé akọ, kó fò jìnnà, kó má baà jẹ́ pé ọmọ ìyá rẹ̀ ló máa pàdé. Bíi mẹ́wàá sí ogún akọ, láti ilé oríṣiríṣi. Ohun tó bá gbà lọ́wọ́ wọn ni yóò fi bímọ títí tó fi máa kú. Bí kò bá jáde, akọ nìkan ni ẹyin rẹ̀ ń dà."

"Òun náà ń wádìí ìdílé," ni mo fi ṣẹ̀fẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ já àwọ̀n náà kúrò.

"Ó ti ṣí. Kó máa lọ."

"Ìgbà rẹ̀ ti kọjá, sà. Kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin lọ. Kò ní jáde mọ́."

A ṣáà dúró. Oyin ń wọlé, wọ́n ń jáde, ayaba ò yọjú. Bàbá wá wo Matilda, ó wò ó pẹ́, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ọmọ Ibefun yẹn," ó ní. "Ránṣẹ́ pè é. Mi ò ní wádìí nǹkan kan mọ́."

Matilda dá afárá padà síbi tó ti yọ ọ́, ó rọra dé àpótí náà.

"Ọmọ rẹ̀ àgbà wà ní kíláàsì mi, sà," ó ní. "Èmi ni mò ń kọ́ ọ ní a, b, d."