Ata Ìyá Mi Tó Wà Lókè Ààrò

Òórùn kòkó ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí mo bá rántí ilé ọkọ mi ní Odòde. Bí wọ́n bá ti ṣí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí kòkó tútù, òórùn rẹ̀ á kan bí ọtí àná, á gba gbogbo ilé títí dé orí ẹní. Ìwọ náà mọ bí nǹkan ṣe rí ní àwọn ọdún díẹ̀ kí a tó gba òmìnira. Kòkó lówó lórí, kò sì sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu àwọn ọkùnrin wa. Ẹ̀yìnkùlé wa kò tó nǹkan. Àpáta gba ìdajì rẹ̀, ọkọ mi sì da sìmẹ́ǹtì sí ìdajì kejì kó lè rí ibi sá kòkó. Ohun tó kù fún èmi ni etí ògiri ilé ìdáná, níbi tí omi òjò tó ń ṣàn bọ̀ láti orí àpáta ti máa ń gbá iyẹ̀pẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni mo ní kí n gbin ata ìyá mi sí. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ìyá mi kú ní Atosin. Ata rodo kékeré kan ló ní, tó jẹ́ pé bó bá pọ́n, pupa rúsúrúsú ni, òórùn rẹ̀ á sì ti máa ta sánsán kí o tó fi ọ̀bẹ kàn án. O kò lè rí i rà lọ́jà. Ọwọ́ ìyá tirẹ̀ ló ti gbà á, láti ìgbà tí àwọn ènìyàn wa ṣì ń gbé orí òkè. Nígbà tí ẹbí ń pín aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, èmi gba ẹ̀yìn ilé lọ, mo ká èyí tó pọ́n nínú ata náà sínú gèlè mi. Kò sí ẹni tó bá mi du ìyẹn.

Àṣé ìyà ni mo dì sí gèlè. Àwọn tí mo kọ́kọ́ gbìn, adìẹ tan gbogbo rẹ̀ jáde. Mo wá bẹ́sìnnì tó ti lu àti ìkòkò tó ti fọ́ lẹ́nu, mo ru èèpo kòkó tó ti jẹrà láti oko wá kún inú wọn, mo tún gbìn. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa wọlé ní ọjọ́ ìsinmi, a ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ ẹ́ kan gbòǹgbò. Àwọn díẹ̀ tó yè bọ́ lọ́wọ́ ewúrẹ́, ọkọ mi gbé wọn kúrò nínú oòrùn sí abẹ́ òrùlé, kí kòkó lè ráyè. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ó ní, "Ata lásán? Ṣebí ó kún ọjà."

Mo ní, "Ẹ lọ bá mi ra irú èyí wá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń yí kòkó rẹ̀ lọ nínú oòrùn.

Ẹyọ igi kan ṣoṣo ló so nínú ìkòkò, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wàhálà. Mi ò fi ọ̀kan nínú ọmọ rẹ̀ se ọbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oyún tó wà nínú mi nígbà náà ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Mo jẹ́ kó pọ́n, mo jẹ́ kó gbẹ, mo wá dì í sínú àkísà funfun, mo so ó kọ́ lókè ààrò níbi tí èéfín kò ti ní í jẹ́ kí kòkòrò débẹ̀. Mo ń retí àkọ́rọ̀ òjò. Ọmọ ló ṣáájú òjò dé.

Bó bá jẹ́ pé ìyá mi wà láyé, òun ni ì bá wá wẹ ọmọ. Ìyá ọkọ mi ló wá. Ènìyàn rere ni, kí n má purọ́ mọ́ òkú. Ó gbé omi gbígbóná, ó wẹ ọmọ, ó wẹ èmi náà, ó wá gbé àwo ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ja gbígbẹ kan síwájú mi.

"Mu ún ní gbígbóná, ọma mi, kí inú rẹ lè mọ́."

Mo bù ú sẹ́nu, òógùn bò mí. Lẹ́yìn náà ni omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú mi, mo rò pé títa ata ni. Mo mu ún kan ìsàlẹ̀ àwo.

"Ṣé ó kù, Ìyá?"

Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó bu òmíràn fún mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo wọ ilé ìdáná, tí mo rí àkísà funfun mi lórí okùn. Ó ti bá mi fọ̀ ọ́.

Ó ní, "Mo rí ata gbígbẹ kan lókè ààrò. Ó mà dára o! Gbogbo rẹ̀ ni mo lọ̀ fún ọ."

Kí ni kí ìyàwó ilé sọ? Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, Ìyá."

Mo lọ ha ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti ṣan ọlọ, bóyá hóró ata kan bọ́ síbẹ̀, mo kó iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sínú bẹ́sìnnì, mo ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ bí ẹni ń tọ́ ìbejì ọmọ tó wà lẹ́yìn mi. Ó hù! Ewé rẹ̀ rí bí ewé ata gẹ́lẹ́. Mo lé ewúrẹ́, mo lé adìẹ, mo bá ọkọ mi jà nítorí oòrùn, àfi ìgbà tó so èso dúdú wínníwínní. Ẹ̀fọ́ odú ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Mo já a, mo sè é, a jẹ ẹ́. Mo pọn ọmọ lọ sí Atosin, kí n wò bóyá igi ata ìyá mi ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti gbin kòkó kan ògiri ẹ̀yìn ilé ìyá wa, ó ti ro gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́, koríko gan-an kò kù níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí irúgbìn kan bá wọ ọwọ́ mi, kì í sùn lọ́dọ̀ mi nìkan. Mo máa ń fi há àwọn aládùúgbò lọ́wọ́, títí kan àwọn tí kò béèrè, àwọn ọmọ mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Inú ṣì ń bí mi o, mi ò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Bí ìyá mi bá wà láyé, ata yẹn náà ni ì bá lọ̀, ọbẹ̀ yẹn náà ni ì bá sè fún mi, òun náà ì bá sì ní kí n mu ún ní gbígbóná. Ìgbẹ̀yìn ọbẹ̀ ìyá mi ni mo mu lọ́jọ́ náà, n kò mọ̀, mo sì ní kí wọ́n bù sí i.