Mo Lọ Yan Ọ̀gá Nínú Àwọn Onífèrè àti Onílù ní Mínà

Ọdún tí ìjì ká páànù ilé wa lọ, tí a lọ bá a lórí igi máńgòrò aládùúgbò wa, tí wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ ká gun igi náà torí èso rẹ̀ ń pọ́n lọ́wọ́, ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo lọ sí Mínà. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn, torí páànù tuntun ṣì ń dán lórí ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí lọ́jọ́ tí mo jáde.

Kí ni arúgbó bíi tèmi ń wá lọ sọ́nà jíjìn? Débọ́rà ọmọ mi ló pè mí. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Nasaráwá, àdúgbò kan ní Mínà. Ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá ibẹ̀, oníṣọ́ọ̀ṣì àti onímọ́ṣáláṣí pọ̀, ń kọ́ gbọ̀ngàn kan, wọ́n sì fẹ́ yan ẹni tó mọwọ́ ohun èlò orin kọ̀ọ̀kan jù: jìtá, dùùrù, fèrè, ìlù. Àwọn tí wọ́n bá yàn ni yóò ṣeré lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí gbọ̀ngàn náà, àwòrán wọn yóò sì wà lára ògiri títí ayé. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Ará ibẹ̀ ni wọ́n fi ṣe onídàájọ́. Ọmọ rẹ̀ ló yàn fún jìtá, ọmọ àbúrò rẹ̀ fún ìlù, àna rẹ̀ fún dùùrù. Jìtá náà, orí onídàájọ́ yẹn ni wọ́n fọ́ ọ mọ́. Ni wọ́n bá ní kí wọ́n wá àgbàlagbà wá láti ilé, ẹni tí kò mọ ọmọ ẹnikẹ́ni.

"Ṣùgbọ́n mo mọ ọkọ ẹ," mo wí fún Débọ́rà lórí fóònù. "Ṣé òun náà kì í fọn fèrè ni?"

"Ó ń fọn ọ́n, Màmá. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé lẹ máa jókòó sí. Ẹ ò ní rí ẹnikẹ́ni." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ó ti rán kóòtù funfun o. Ó ti sọ fún gbogbo ẹbí rẹ̀."

Bí wọn ò bá yan ọkùnrin náà, ojú á tì í lójú gbogbo Nasaráwá, èmi ìyá ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n á sì ní ó dójú tì í. Ọmọ mi ló máa wá bá a gbé inú ilé ọ̀hún lẹ́yìn tí mo bá ti lọ.

Àkùkọ kò tíì kọ tí mo fi gbé àpò láfún mi jáde. Mo wọ mọ́tò dé Ìlọrin, mo bọ́ sí mọ́tò Mínà níbẹ̀. Músá ni awakọ̀ ń jẹ́, ọmọ Núpé tó gbọ́ Yorùbá.

"Sannu, Kaka," ó wí. Sannu ni "ẹ ǹlẹ́" lédè Haúsá, Kaka sì ni ìyá àgbà. Láti ìgbà yẹn títí mo fi padà délé, Kaka ni mo ń jẹ́. Orúkọ mi sinmi.

Ní Jẹ́bà, létí odò Ọya, a ra ẹja dídín. Iye tí mo fi ra odidi kan, orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n á gé fún mi lọ́jà wa. Àmọ́ láti Mókwá lọ sí Bídà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀nà. Ihò ni wọ́n tò sílẹ̀, wọ́n wá fi ọ̀dà díẹ̀ yí i ká. Músá fi orin gòjé sí i kí a lè gbàgbé ìyà. Gòjé jẹ́ ohun èlò olókùn tí wọ́n ń fi ọrun fà. Ó ń dún bí ẹni tó ń sunkún tó tún ń rẹ́rìn-ín. Ni ẹsẹ̀ mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

"Ìyá, ẹ tún ti tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ o," ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi wí.

"Ẹ má bínú, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ yìí kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀."

Músá wò wá nínú dígí. "Haba, Kaka! Ẹ fi ijó fún mọ́tò, òun ló mọ̀ ọ́n jó lọ́nà yìí." Haba ni wọ́n máa ń wí bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ jù fún wọn.

Ìrọ̀lẹ́ la dé Mínà, ìlú tó ní òkè olókùúta lẹ́bàá rẹ̀. Àna mi, Bàbá Ìfẹ́, dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn. Lẹ́yìn náà ló bọ́ ẹ̀wù, ó lọ sídìí odó. Nílé wa níbí, ọkọ ọmọ ẹni kì í gún iyán lójú ìyá ìyàwó rẹ̀. Pálọ̀ ni yóò jókòó sí tí yóò máa húkọ́. Ṣùgbọ́n iṣu Mínà tóbi, obìnrin kan ò lè dá a gún. Bó ṣe ń gún un, ó ń ju ọmọ odó sókè, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó gbá a mú. Kìn-ìn, kin-kin, pa! Kìn-ìn, kin-kin, pa! Mo wolẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti ń lọ lábẹ́ àpótí.

"Bàbá Ìfẹ́, níbo lẹ ti kọ́ èyí?"

"Màmá, ìyá mi ló ń ta iyán nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́, ẹ óò gbọ́ fèrè."

Ilẹ̀ mọ́, mo gbọ́ fèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ bó ṣe dé ibi tí orin náà ti lọ sókè, fèrè ké bí ewúrẹ́ tó ti orí bọ ìkòkò. Ewúrẹ́ aládùúgbò dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì, níbì kan náà, ewúrẹ́ kan náà. Oúnjẹ wá ń dára sí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n fún mi ní itan adìyẹ, lọ́jọ́ kejì odidi adìyẹ. Nígbà tó ku ọ̀la, wọ́n pa tòlótòló. Mo jẹ ẹ́. Ṣé kí n dá a padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni?

Lọ́jọ́ ìdíje náà, Bàbá Ìfẹ́ wọ kóòtù funfun, ó ní kó lè mọ́ òun lára. Gbọ̀ngàn tí wọn ò tíì kọ́ parí náà kún dẹ́nu ọ̀nà. Ìró àǹkárá méjì ni wọ́n so pọ̀ ṣe aṣọ ìkélé. Díákónì tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ mú mi jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, ẹnu yín nìkan la fẹ́ gbọ́ o."

Ẹsẹ̀ mi ṣì wú látinú mọ́tò, mo bọ́ bàtà. Wọ́n ta jìtá, wọ́n tẹ dùùrù. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kí n tó la ẹnu, àwọn èèyàn ti ń pariwo "ẹni àkọ́kọ́" tàbí "ẹnì kejì", ẹni tí mo fẹ́ yàn gan-an. Mo ní, ará Mínà yìí mọ orin jù wá lọ.

Ó kan fèrè. Ẹni àkọ́kọ́ fọn ọ́n, ó dùn ju ìrèké lọ. Ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀, ó dé òkè, ewúrẹ́ ti orí bọ ìkòkò. Mo mọ ẹni tó ni ewúrẹ́ yẹn. Mo rántí kóòtù. Mo rántí tòlótòló. Mo rántí ọmọ mi.

"Àwọn méjèèjì dọ́gba," mo wí.

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. "Haba, Kaka! Ẹsẹ̀! Ẹsẹ̀!" Díákónì ká aṣọ ìkélé sókè, ó ń nu omijé ẹ̀rín.

"Màmá, aṣọ ìkélé yìí ò dé ilẹ̀. Láti àárọ̀ la ti ń wo ẹsẹ̀ yín. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ ń fọn, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jó jáde. Nígbà tó kan ẹnì kejì, ẹ wọ bàtà."

Mo wolẹ̀. Lóòótọ́, bàtà wà lẹ́sẹ̀ mi.

Ẹni àkọ́kọ́ náà, ọmọbìnrin kan láti Bosso, àdúgbò mìíràn ní Mínà, ni, Ràṣídá, tí bàbá bàbá rẹ̀ bá rélùwéè wá sí Mínà. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo wá àna mi, n ò rí i. Débọ́rà náà ń wá a kiri, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Inú mi bàjẹ́ débi pé nígbà tí àwọn onílù méjì ń lu bẹ̀ǹbẹ́, ariwo lásán ni mo gbọ́. Wọ́n lù ú tán, ẹsẹ̀ mi ò mira.

Gbogbo ilé dákẹ́. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ mi wá bẹ̀rẹ̀.

"Màmá," Díákónì wí, "kò sẹ́ni tó ń lu nǹkan kan o. Ta lẹ ń jó sí?"

Mo tẹ́tí. Kìn-ìn, kin-kin, pa! Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń wá. Gbogbo wa tú jáde. Bàbá Ìfẹ́ la bá láàárín àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ àlejò. Ó ti gba ọmọ odó lọ́wọ́ wọn, ó ń fi iyán gún ìbínú rẹ̀, iyán ti kun apá kóòtù funfun. Àwọn obìnrin náà ti ju ṣíbí sílẹ̀, wọ́n ń jó. Òun ò rí ẹnikẹ́ni.

"Odó kì í ṣe ìlù!" ọ̀kan nínú àwọn onílù náà pariwo. "Wallahi, n ò gbà!" Ìyẹn ni pé ó fi Ọlọ́run búra.

"Ó sọ òótọ́," mo wí. "Ẹ gbé bẹ̀ǹbẹ́ fún un."

Bàbá Ìfẹ́ gbọn orí. "Màmá, èmi, fèrè ni mò ń fọn."

"Mo gbọ́ ọ. Ewúrẹ́ náà gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ ṣe gún iyán fún mi lọ́jọ́ tí mo dé, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ lu èyí."

Ó kọ́kọ́ lù ú bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé ẹni tí òun jẹ ní gbèsè. Lẹ́yìn náà ló gbàgbé pé a wà níbẹ̀. N ò dúró de aṣọ ìkélé kankan, mo bọ́ bàtà nù. Fìlà Díákónì já bọ́. Onílù tó ń bú odó náà fi èjìká díẹ̀ sí i kó tó rántí pé òun ń bínú. Débọ́rà ń sunkún, ó ń jó.

Músá náà ló gbé mi padà dé Ìlọrin, pẹ̀lú iṣu tí àna mi dì fún mi, ihò Mókwá sì wà níbi tí a fi í sí. Kí oòrùn tó wọ̀ ni mo wọ Ògbómọ̀ṣọ́, páànù tuntun ń dán, mo mọ ilé wa láti òkèèrè. Débọ́rà ti fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù: Bàbá Ìfẹ́ àti bẹ̀ǹbẹ́ lára ògiri, kóòtù funfun, iyán lápá. Ó ní ọkọ òun ṣì ń fọn fèrè láràárọ̀, ewúrẹ́ ṣì ń dá a lóhùn.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi péjọ, tí wọ́n ní kí ni mo rí kọ́ lọ́nà jíjìn yẹn, mo sọ fún wọn pé, "Ẹnu mi mọ àna, ó mọ ọmọ, ó mọ tòlótòló. Ẹsẹ̀ mi ò mọ ẹnì kankan. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ lọ́dọ̀ mi, kó má bi mí léèrè, kó wo ìsàlẹ̀."

Sámúẹ́lì, àkọ́bí mi, tó ti ń dá orin kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́, wà láàárín wọn. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bó ṣe dìde kọrin, abẹ́ àga mi ló tẹjú mọ́.

Mo ti wọ bàtà láti ilé.