Ohun Tí Mo Fá Lára Ògiri Màmá Àgbà

Ọdún márùn-ún ni mo fi wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Òṣogbo, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba, tí mo ń kun àwòrán tí kì í ṣe tèmi. Ọ̀gá á fi pẹ́ńsù fa ìlà, èmi á fi ọ̀dà dí inú rẹ̀. Obìnrin ọlọ́rùn gígùn, ẹyẹ lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ dì pa. Mo kun ojú dídì yẹn títí tí mo fi lè kùn ún pẹ̀lú ẹ̀pà lẹ́nu, kí n tún máa bá ẹni tó ń kọjá ṣàwàdà. Mi ò sọ ọ̀gá mi láìdáa o. Kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti yọwọ́ nínú ìwé, òun ló sì fún mi ní ohun tí mo lè fi ọwọ́ méjèèjì ṣe.

Màmá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran díẹ̀, mo fi ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà hàn án lórí fóònù. Ó gbé e súnmọ́ imú bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Ó dára," ó ní. "Ti ọ̀gá rẹ nìyí. Tìẹ dà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi wọ mọ́tò padà sí Òṣogbo, kò sì bọ́ sílẹ̀ níbì kankan. Kò tó oṣù mẹ́ta tí mo fi dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá, mo ní mo fẹ́ lọ wá tèmi. Ó súre fún mi. Ó tún ní tí ebi bá pa mí, kí n má tijú.

Mo gba yàrá kan ní Ọ̀fàtẹ̀dó. Mi ò lè ra ọ̀dà olówó ńlá, àmọ́ ilé tuntun pọ̀ lágbègbè yẹn, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń fi inú rẹ̀ hàn. N kò mọ̀ pé yẹ̀pẹ̀ ní oríṣiríṣi àwọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan pupa bí epo tuntun, ọ̀kan dà bí ẹ̀wà tí a sè, ọ̀kan pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí inú ẹran tí a dín. Mo ń bù wọ́n sínú ọ̀rá, mo ń lọ̀ wọ́n, mo ń fi gèlè àlòkù jọ̀ wọ́n. Àwọn bíríkìlà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan bi mí bóyá èmi ni mo lóyún tí mo ń wá yẹ̀pẹ̀ jẹ.

Ohun tí yóò di yẹ̀pẹ̀ mú lára pátákó ni mi ò rí. Mo ra ìwé kan, mo ń kọ gbogbo ohun tí mo bá dán wò sí i. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ojú ewé kan kà báyìí: "Ẹ̀kọ: aáyán jẹ ẹ́. Ẹyin: òórùn. Gọ́ọ̀mù káfíńtà: ó dì mú, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kú." Aáyán yẹn jẹ ojú méjì àti imú lára àwòrán tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe. Ẹnu ló ṣẹ́kù.

Ìgbà náà ni mo rántí ògiri Màmá àgbà.

Màmá ń gbé ní abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà, níbi tí àwọn ènìyàn wa ti ń dáko kòkó àti obì. Alámọ̀ ni ilé náà. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dì tán nígbà yẹn, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń gbébẹ̀, òun ló sì ń dáná fúnra rẹ̀. Àwọn ará ilé kejì kàn ń bá a pọnmi ni. Ọ̀nà kan gùn láti yàrá rẹ̀ dé ilé ìdáná. Ògiri ọ̀nà yẹn ni mo ń sọ. Mo ti fẹ̀yìn tì í jẹun láìmọye ìgbà nígbà tí mo wà ní kékeré, n kò rí i rí. Lọ́jọ́ tí mo padà débẹ̀, oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó bà lé ògiri, mo dúró. Kò dúdú, kò pupa. Ó ń dán bí ẹyìn tó pọ́n. Bí mo bá yí orí díẹ̀, pupa á yọ láti abẹ́ dúdú, á tún wọlé padà. Mo gbé ẹrù lọ́wọ́, mi ò rántí gbé e sílẹ̀.

"Màmá, kí ni ẹ fi ṣe ògiri yìí?"

"Kì í ṣe ohun tí à ń fẹnu sọ," ó ní. "Jókòó tì mí fún ọjọ́ méje, ọwọ́ rẹ á mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ méje! Mo ti ṣèlérí fún ẹnì kan ní Òṣogbo pé màá gbé àwòrán wá lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ kejì, Màmá jókòó níta, ó ń bó obì. Mo mú bíléèdì, mo fi ọ̀rá sábẹ́ ògiri, mo bẹ̀rẹ̀ sí fá a. Díẹ̀ péré ni mo fẹ́ mú.

Ohun tí mo rí ni kò jẹ́ kí n dáwọ́ dúró. Dúdú ṣí, pupa wà lábẹ́ rẹ̀. Pupa ṣí, dúdú mìíràn wà níbẹ̀, ó tín-ín-rín ju awọ àlùbọ́sà lọ. Pupa, dúdú, pupa, dúdú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò sórí ara wọn bí ìwé tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí. Mo gbàgbé ẹni tó ni ògiri. Nígbà tí ojú mi máa là, mo ti fá ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, mo ti kan amọ̀ ilé gan-an. Lára amọ̀ yẹn ni ipa ìka mẹ́rin wà, kéékèèké, bí ìka ọmọdébìnrin.

Ẹ̀rù bà mí. Mo já kàlẹ́ńdà tó wà ní pálọ̀, mo fi bo ihò náà. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ìtìjú ẹni tó ń ríran ni mo fi kàlẹ́ńdà bò. N kò rò ó pé Màmá kì í fi ojú wo ògiri yẹn mọ́.

"Màmá, mo ń lọ o."

"O ò rí ohun tí o wá wá?"

"Mo rí i, Màmá."

Ní Ọ̀fàtẹ̀dó, mo lọ ohun tí mo fá, mo pò ó. Àwọ̀ rẹ̀ di ti eérú. Kò sí pupa, kò sí dúdú, àfi ẹrẹ̀ bí omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀. Mo jókòó tì í. Gbogbo ohun tó wà lára ògiri wà nínú abọ́ mi, síbẹ̀ ògiri ò sí níbẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àbúrò ìyá mi obìnrin, tó ń ta aṣọ ní Iléṣà, fi pè mí lórí fóònù.

"Ṣé o ti gbọ́? Màmá ò dá ilé ara wọn mọ̀ mọ́."

"Báwo, Àǹtí?"

"Wọ́n ń lọ sí ilé ìdáná ni o, wọ́n bá dúró láàárín ọ̀nà, wọ́n ń pariwo pé, 'Ulé ta nì yí? Ta ló mú mi wọ ulé olúlé?' Ìgbà mẹ́ta báyìí. Wọn ò jẹun àfi tí ẹnì kan bá gbé e fún wọn. Ọjọ́ orí ti dé nìyẹn. Sátidé la máa kó wọn wá sí ìgboro, mo ti pa yàrá kan mọ́."

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ Màmá ló ń tẹ̀ lé ògiri dídán yẹn. Ọwọ́ náà ló kan bébà oníọ̀rá kàlẹ́ńdà yẹn, tó fi rò pé ilé ẹlòmíràn ni. Mo mọ̀, mo sì ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú." Mo gbé fóònù sílẹ̀. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi dákẹ́. Mo ń sọ fún ara mi pé ìgboro á tiẹ̀ dára fún Màmá.

Ní Sátidé, nígbà tí mo débẹ̀, mọ́tò ti dúró. Ẹrù Màmá wà níta: àpótí kan, ìkòkò, àpótí ìjókòó kékeré tó máa ń jókòó lé dáná. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí pèpéle, ó fi ọwọ́ méjèèjì sórí itan bí àlejò. Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò dìde.

"Dìde, ọkọ mi. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá. Èmi ni mo ba ògiri yín jẹ́. Kì í ṣe ọjọ́ orí."

"Ògiri wo?" Àǹtí ló béèrè. Mo mú wọn lọ, mo ká kàlẹ́ńdà kúrò.

"Yéè! Ṣé gààrí tán ní Òṣogbo ni, tí o fi wá ń jẹ ilé?" Àǹtí pariwo.

Màmá na ọwọ́, ó ń tọ ògiri lọ títí ó fi dé etí ihò náà. Ọwọ́ dúró. Ó wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kan amọ̀, ó kan àwọn ipa ìka yẹn. Ó gbé ìka tirẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò gbà á mọ́, oríkèé rẹ̀ ti wú.

"Èmi rè é," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré. "Ọdún tí wọ́n mú mi wọ ulé yí ni. Ìyá ọkọ mi ní kí n fọwọ́ tẹ ẹ́ kó tó gbẹ, kí ilé ìdáná lè mọ̀ mí. Kí wọ́n tó kun nǹkan sí i rárá."

Àǹtí fọwọ́ bo ẹnu. Màmá yíjú sí ibi tó rò pé ọmọ rẹ̀ wà.

"Gbé ẹrù mi padà sínú ulé. Orí mi pé. Ògiri ni kò pé." Ó wá yíjú sí mi. "Ùwọ ńkọ́, ṣé ọjọ́ méje yẹn ti wá ráyè?"

Mo lo ọjọ́ méje. A rẹ èèpo tó bo ojú obì sínú omi títí omi náà fi pọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé funfun báláú ni èèpo náà nígbà tí a bó o. A fi omi náà po amọ̀ pupa etídò tí a ti jọ̀. A gún ilá, a fún omi yíyọ̀ rẹ̀ sí i. Òun ni ó ń dì í mú, ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí, tí mo sì ń fi jẹ ẹ̀bà. A fi ọwọ́ kùn ún mọ́ ògiri, a jẹ́ kó gbẹ, Màmá sì fún mi ní òkúta odò kan kí n fi máa dán an. Ọdọọdún, kí obì tuntun tó wọlé, ni àwọn ìyàwó ilé máa ń kùn ún.

"Dúdú ńkọ́, Màmá? Kí lẹ fi ń ṣe dúdú?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ta ló ṣe dúdú? Pupa nìkan là ń kùn. Oúnjẹ ló ṣe dúdú."

Mo wo ilé ìdáná, mo wo òkè, mo wo èéfín tó ń rọra bọ̀ lọ́nà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi ni. Èéfín odindi ọdún kan, iṣu tí wọ́n sè, ìkómọ, oúnjẹ òkú, omi ìwẹ̀ ìyá mi ní ìkókó: ìlà dúdú kan, tó tín-ín-rín ju awọ àlùbọ́sà lọ. Ọgọ́ta irú rẹ̀ ni mo fi bíléèdì fá sínú ọ̀rá ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

Mo bi Màmá bóyá kí n kun ojú ibi tí ìka wà pẹ̀lú. Ó ní kí n kun etí rẹ̀, kí n fi àárín sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, Àǹtí wá láti Iléṣà. Àwa méjèèjì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Màmá jáde láti yàrá, ó fi ọwọ́ lé ògiri, ó ń bọ̀. Ọwọ́ dé ibi tó jìn, ìka mẹ́rin wọlé, ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yà sí apá ọ̀tún, ó wọ ilé ìdáná, a sì gbọ́ tó ń kó igi jọ.

Mo ní pátákó báyìí ní Ọ̀fàtẹ̀dó, tí mo ń kun pupa sí, tí mo sì ń bẹ obìnrin tó ń yan ẹja ládùúgbò pé kó bá mi fi kọ́ òkè ààrò rẹ̀, kí èéfín lè ṣe dúdú. Ó máa ń ní kí n wá gbé ẹja mi tí kò ní egungun. Ìpele mẹ́sàn-án péré ló tíì wà lára àwọn pátákó náà. Bí obì tuntun bá sì ti kù díẹ̀ kó wọlé, mo máa ń lọ kun etí ihò yẹn ní ìpele kan. Ó ṣì jìn. Yóò jìn títí.