Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Máa Ń Béèrè Ẹlẹ́rìí

"Ta ló rí i, Bàbá?" Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá ìta mi ní Ìjerò nìyẹn. Ìtàn ìpínlẹ̀ wa ló ń kọ́. Mo sọ fún un pé lọ́jọ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ayọ̀ mú gbogbo iṣu oko mi fò jáde nínú ebè, wọ́n sì fẹsẹ̀ ara wọn rìn wálé.

"Ta ló rí i?"

"Èmi!"

"Ẹlòmíràn ńkọ́?"

Mo ní àwọn yòókù ti kú. Ó rẹ́rìn-ín, kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìròyìn rédíò pàápàá, àfi kó lọ wò ó. Wọ́n ní omi ẹ̀rọ ti dé àdúgbò wa. Àràárọ̀ ló ń lọ ṣí ẹ̀rọ náà. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń jáde.

Lọ́jọ́ ìdíje ilé ìwé rẹ̀, ìbéèrè kan ló kù kó gba ipò kìíní: àdúgbò wo ni omi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Tiwa ni wọ́n fẹ́ kó dárúkọ. Ó ní, "Omi ò tíì dé ibẹ̀ o." Bẹ́ẹ̀ ni ipò kìíní ṣe bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo pariwo, "Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé o ò lè parọ́ díẹ̀ ni?"

Ó gbé korobá rù. "Bàbá, ṣé kí n sọ pé omi ti dé, kí n tún máa lọ sí kànga?"