Fèrè Ọkọ̀ Tí Hinnerk Fi Ọgbọ̀n Ọdún Wá

Bí ẹ bá dé Övelgönne, létí odò Elbe, tí ẹ sì dárúkọ Hinnerk Claasen, ìtàn ọjọ́ kùrukùru ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Wiebke Harms, tó bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún dùùrù oníná ṣe, ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àìmọye ènìyàn tí kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́.

Òwúrọ̀ kan nínú oṣù kọkànlá ni. Kùrukùru bo odò débi pé ènìyàn kò rí èbúté tó wà nísàlẹ̀. Hinnerk ṣí fèrèsé, ó kọjú sípíkà méjì síta, ó tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo lórí dùùrù oníná rẹ̀, ó sì rọra ti ọ̀pá kékeré tó wà lára rẹ̀ sí apá òsì. Ohùn tó jáde mi kọfí inú ife Wiebke. Ní èbúté, àwọn èrò tó ń dúró de ọkọ̀ gbé àpò wọn, wọ́n sáré lọ sétí omi, wọn kò sì rí ọkọ̀ kankan. Nínú kùrukùru lọ́hùn-ún, ọkọ̀ gidi kan fun fèrè tirẹ̀ lésì, ó sì dúró gbagidi láàárín odò, nítorí awakọ̀ rò pé ọkọ̀ mìíràn fẹ́ kọ lu òun.

Ọlọ́pàá èbúté dé kí kọfí tó tutù.

"Ẹ kú àárọ̀. Ọkọ̀ wo ló ń fun fèrè láti ibí?"

"Kò sí ọkọ̀ níbí, ọ̀gá. Èmi ni."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi àti ẹ̀rọ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ gbọ́ ọ, ṣé ó jọ ti ọkọ̀ lóòótọ́?"

"Ó jọ ọ́ débi pé ọkọ̀ kan dúró sójú omi, kò lè lọ, kò lè bọ̀!"

"Ọkọ̀ ńlá ló jọ ni, àbí ọkọ̀ kékeré?"

Ọlọ́pàá náà wo Wiebke bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí tí orí rẹ̀ pé. Nígbà tí Wiebke kàn gbé ife rẹ̀ sẹ́nu, ọlọ́pàá náà ní, "Ọkọ̀ ńlá."

Hinnerk mí kanlẹ̀, ó sì pa fèrèsé dé. "Áà. Kékeré ni mò ń wá ní tèmi. Ó kù díẹ̀."

Ohun tó ń wá kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ èrò kan tí wọ́n ń pè ní Möwe, láti èbúté yẹn lọ sí Finkenwerder. Ní ọdún 1962, wọ́n tú Möwe palẹ̀, wọ́n kó irin rẹ̀ lọ. Bàbá náà kò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Kò sì sí ẹni tó rántí gba ohùn fèrè ọkọ̀ náà sílẹ̀ rí, nítorí ta ló máa ń gba ohùn ohun tó ń gbọ́ lójoojúmọ́? Etí ènìyàn méjì péré ló kù tó mọ̀ ọ́n: etí Hinnerk, àti etí Antje, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó fi ọdún méje jù ú lọ.

Ara òkú ẹ̀rọ méjì ló ti ṣa dùùrù oníná tó fi ń wá fèrè náà jọ. Ara ti àkọ́kọ́ ló ti rí ìró mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tí wọ́n tò tẹ̀léra bí búrẹ́dì tí wọ́n ti gé. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, ohùn á máa rìn láti orí ègé kan bọ́ sórí èkejì, á sì máa yí padà bó ṣe ń lọ. Ara èkejì ló ti rí ọ̀pá kékeré náà, tí kò ga ju ìka lọ, tó ṣeé tì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Igun mẹ́rin ni ọ̀pá náà ní, ohùn kan wà ní igun kọ̀ọ̀kan, ibi tí ẹ bá sì tì í sí ló máa pinnu bí ẹ ó ṣe gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó. Hinnerk fi agogo sí igun kan, ó fi afẹ́fẹ́ sí èkejì, ó fi irin tó ń ha irin sí ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin ló ń pè ní "ọ̀fun bàbá mi nígbà òtútù."

Kò sí oníbàárà tó wọ ṣọ́ọ̀bù náà tí kò gba ẹ̀kọ́ lórí igun mẹ́rin yìí, yálà ó bèèrè tàbí kò bèèrè. Ọ̀gbẹ́ni Dierksen, tó ń tẹ dùùrù níbi ìgbéyàwó ní Lübeck, gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá nítorí bọ́tìnnì kan tó ti kú. Hinnerk kò tilẹ̀ wo bọ́tìnnì. Ó fi ìka nu eruku tó wà ní ìdí ọ̀pá.

"Ọ̀gbẹ́ni Dierksen, nígbà wo lẹ fọwọ́ kan ọ̀pá yìí kẹ́yìn?"

"Ọ̀pá wo?"

Hinnerk wo ọkùnrin náà títí. Lẹ́yìn náà ó fa àga kan sún mọ́ ọn. "Ẹ jókòó," ló wí, bí dókítà tó fẹ́ sọ ìròyìn tí kò dára.

Nígbà tí Dierksen yóò fi kúrò níbẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn, ó ń ṣàlàyé igun mẹ́rin fún ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Bọ́tìnnì tó kú ṣì wà ní òkú rẹ̀. Wiebke ló tún un ṣe nígbà tí ọkùnrin náà padà wá lọ́jọ́ kẹta.

Wiebke náà ti rí tirẹ̀ rí. Hinnerk máa ń fi pẹ́ńsù fa àmì róbótó yí ọ̀pá náà ká, kí ó lè mọ ibi tó tì í dé. Lọ́jọ́ kan, Wiebke ń nu ṣọ́ọ̀bù, ó rí ìdọ̀tí pẹ́ńsù, ó sì fi àkísà tútù nù ún kúrò pátápátá. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Hinnerk kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ló fi ń dá a lóhùn. Bí Wiebke bá bèèrè bóyá yóò mu kọfí, á tẹ ohùn tínrín fún bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá bèèrè bóyá ó ti dárí ji òun, á tẹ ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, á sì fi ìka lé e títí Wiebke á fi jáde kúrò nínú yàrá.

Àmọ́ ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ wíwá fèrè náà gan-an. Antje á dé láago mẹ́ta pẹ̀lú kéèkì bọ́tà pẹlẹbẹ nínú agolo, á bọ́ kóòtù, á jókòó sórí àga tó wà létí sítóòfù, á sì pa ojú dé. Hinnerk á tẹ bọ́tìnnì.

"Kì í ṣe òun," ni Antje á wí.

"Gbọ́ ọ dáadáa ná!"

"Mo ti gbọ́ ọ dáadáa. Màlúù lèyí. Bàbá ò wa màlúù rí."

"Etí ẹ ti di, Antje. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ẹ."

"Bí etí mi bá ti di, kí lo wá ń bi mí sí? Sún un sápá ọ̀tún díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí! Wò ó, o ti tún sọ ọ́ nù. Gé kéèkì jẹ."

Hinnerk á tọ́jú ohùn ọ̀sẹ̀ náà sínú ẹ̀rọ bó bá rò pé ó sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, á sì kọ orúkọ sí i lójú dígí kékeré tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde lókè ẹ̀rọ náà. Orúkọ kan náà ló máa ń kọ: Ó Kù Díẹ̀. Bí àwọn méjèèjì ṣe ṣe é nìyẹn, láti ìgbà tí irun Hinnerk ṣì dúdú títí tí kò fi sí irun mọ́. Wiebke máa ń bú wọn pé arúgbó méjì tí kò níṣẹ́ ṣe ni wọ́n, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí nǹkan kan gbé òun kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú.

Hinnerk kú nínú oṣù kẹta, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀, láàárọ̀, níbi tó ti ń wọ bàtà. Antje kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́ lẹ́yìn ìsìnkú.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni Wiebke rí ọ̀rọ̀ tó ń ṣẹ́jú lójú dígí ẹ̀rọ náà: bátìrì ti fẹ́ kú. Irú ẹ̀rọ ayé àtijọ́ bẹ́ẹ̀, bátìrì kékeré inú rẹ̀ ló ń bá a rántí gbogbo ohùn tí wọ́n bá tọ́jú sí i. Bí bátìrì bá kú, tí iná bá sì lọ, gbogbo rẹ̀ á parẹ́ bí ẹni pé kò sí rí. Nítorí náà kò pa ẹ̀rọ náà mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wà ní títàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tún wáyà ojú títì ṣe yóò mú iná lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ọ̀nà tó rọrùn ì bá wà, ká ní ẹlòmíràn ló ni ẹ̀rọ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní ihò kan tí wọ́n ń gbà kó àwọn ohùn sórí kásẹ́ẹ̀tì. Wiebke yí ẹ̀rọ náà, ó wo ẹ̀yìn, ó sì rí ojú ihò lásán. Hinnerk ti yọ ohun inú rẹ̀ fún oníbàárà kan ní Bremen tó nílò irú rẹ̀ kíákíá.

"Hinnerk, o ò ṣe mí dáadáa rárá," ni Wiebke wí fún yàrá tó ṣófo. Ó lè fi fóònù gba àwọn ohùn náà sílẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fọ́tò nìyẹn á jẹ́, kò sí ẹni tó máa lè ti ọ̀pá rẹ̀ sí igun kankan mọ́. Ó fẹ́ràn ọkùnrin olóríkunkun yẹn bí ọmọ ìyá rẹ̀, iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún rẹ̀ sì nìyí, kò gbọ́dọ̀ kú sí òun lọ́wọ́.

Ó pe Antje lórí fóònù. "Antje, ẹ wá lọ́jọ́ Àìkú. Mo fẹ́ pààrọ̀ bátìrì, èmi nìkan ò lè dá a ṣe."

"Kí ni mo mọ̀ nípa bátìrì?"

"Ẹ kàn wá jókòó tì mí."

Antje dé láago mẹ́ta, kò gbé kéèkì dání. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó di àpò rẹ̀ mú lórí itan. Wiebke ṣí ikùn ẹ̀rọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú iná lára rẹ̀, ohun tí kò gbà kí oníbàárà kankan ṣe rí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà: kí ó fi òjé lẹ bátìrì tuntun mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, kí méjèèjì jọ gbé ẹrù náà, kí ó tó wá gé ti àtijọ́ kúrò. Bí irin gbígbóná ọwọ́ rẹ̀ bá ṣèèṣì fara kan ibòmíràn, ó parí.

"Ṣé ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n ni?" Antje bèèrè.

"Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀."

"Ó ń gbọ̀n."

"Antje!"

Òjé yọ́, ó sì lẹ̀. Èkejì náà lẹ̀. Wiebke mú irin ìgéwáyà, ó gé bátìrì àtijọ́ kúrò, ó sì di ojú. Nígbà tó là á, ọ̀rọ̀ tó ń ṣẹ́jú ti lọ, orúkọ ohùn àkọ́kọ́ sì wà níbẹ̀: Ó Kù Díẹ̀. Wiebke jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n rìn ní ìgbáròkó.

"Ọgọ́rùn-ún ló wà ńbẹ̀," ló wí. "Èwo ló sún mọ́ ọn jù? Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n báyìí."

Antje gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Bẹ̀rẹ̀ láti èyí àkọ́kọ́."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Màlúù wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn tí kò gba epo wà níbẹ̀, ọkọ̀ ńlá ọjọ́ kùrukùru náà wà níbẹ̀. Antje ń mi orí. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹtàlélógójì, Wiebke tẹ ẹ́, ohùn kékeré kan jáde, ó há díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó sì là bó ṣe ń lọ. Antje kò mi orí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Òun nìyẹn," ló wí. "Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti rí i. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà gan-an."

"Ẹ mọ̀ ọ́n? Ẹ sì ní kì í ṣe òun?"

"Kí ni kí n sọ? Bí mo bá ní òun ni, kí ló tún máa pè mí wá ṣe lọ́jọ́ Àìkú? Mo parọ́ fún àbúrò mi, Wiebke. Mo jẹ́ kó kú láìmọ̀ pé ó ti rí i. Ìdí tí n kò fi lè wá síbí nìyẹn."

Wiebke gbé ojú sókè sí dígí kékeré náà kí ó má baà máa wo obìnrin tó ń sunkún, ó sì rí orúkọ tó wà níbẹ̀. Ó pe Antje wá. Antje wọ awò ojú rẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú.

Kì í ṣe Ó Kù Díẹ̀ ló wà lójú dígí náà. Bàbá ni Hinnerk kọ síbẹ̀.

Wiebke yí lọ sí ìkẹrìnlélógójì: Ó Kù Díẹ̀. Ìkarùndínláàádọ́ta: Ó Kù Díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn rí títí dé ọgọ́rùn-ún.

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta!" Antje pariwo. "Ó tún fi mẹ́tàdínlọ́gọ́ta mìíràn dà mí láàmú! Ó mọ̀! Òpùrọ́ yìí mọ̀, ó sì ń pè mí ní adití!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara mọ́ tábìlì, ẹkún sì tún wọ inú ẹ̀rín náà. Wiebke di èjìká rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n jọ sunkún.

Nígbà tí ara rọ̀ wọ́n, Wiebke padà sí ìkẹtàlélógójì, ó sì tún un tẹ̀. Fèrè Möwe kún yàrá náà.

"Ṣé òun ni lóòótọ́?" Wiebke bèèrè.

Antje nu ojú, ó bọ́ kóòtù tó ti wọ̀ láti ìgbà tó dé, ó sì tún jókòó sórí àga tó wà létí sítóòfù. Ó pa ojú dé.

"Ó kù díẹ̀," ló wí. "Máa gbé omi kọfí kaná lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá mú kéèkì dání."